Ṣúgà mi ń gòkè, náìtì ni mo sì ń ṣe: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi. Náìtì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Tó bá ti di aago méjì òru, ebi á dé, búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò ló sì máa ń wà nítòsí. Yunifọ́ọ̀mù ti ń fún mi níkùn. Láìpẹ́ yìí, bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láàárọ̀, mo yẹ ṣúgà mi wò: 112 mg/dL ni. Àtọ̀gbẹ ló pa ìyá mi, ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Kí lẹ ń jẹ lóru? Ṣé kí n ní kí ọ̀gá wa yọ mí kúrò ní náìtì?

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ wọ̀bìà rárá. Ara mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán: lóru, ínsúlínì, èròjà ara tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà búrẹ́dì tó o jẹ lọ́sàn-án tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan, lóru ṣúgà rẹ̀ á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n tọpinpin nọ́ọ̀sì obìnrin tó lé ní 170,000 ní Amẹ́ríkà, èsì rẹ̀ jáde ní 2011. Ewu àtọ̀gbẹ àwọn tó ti ń pààrọ̀ náìtì àti iṣẹ́ ọ̀sán fún ọdún 10 sí 19 fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ju ti àwọn tí kò ṣe é. Sísanra wà lára ohun tó fà á, ìyẹn la sì lè wá nǹkan ṣe sí.

Bàbá Wọ́ọ̀dù
Mo máa ń jẹun gidi kí n tó kúrò nílé: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja. Lóru, omi ni. Bí ebi bá le, mọ́ínmọ́ín kékeré kan tàbí ẹyin. Ẹni tó bá ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kó má fi ebi pa ara rẹ̀ láìbi dókítà o! Oorun ọ̀sán náà ṣe pàtàkì: fi kọ́tìnì dúdú sójú fèrèsé, kó o pa fóònù.

Ọmọ Láàbù
Ẹ jọ̀ọ́ mà, aago mélòó lẹ jẹun kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò? Kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 8 kí 100 sí 125 tó túmọ̀ sí pé àtọ̀gbẹ ń rìn bọ̀. Ẹ sì lè ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HbA1c, kò béèrè ààwẹ̀, bí ṣúgà ṣe rí fún nǹkan bí oṣù 3 ló ń wò. Ẹ sọ jẹ́nótáìpù yín fún wọn, torí àwọn ẹ̀rọ kan máa ń ṣì í kà fún AS.

Ẹni tó béèrè
Aago méjì òru ni mo jẹ búrẹ́dì yẹn! AS sì ni mí. Tí mo bá ti wà lóòfù, láàbù ni mo ń lọ. Ọ̀gá wa ńkọ́?

Ìyá Ìbejì
Gba èsì náà dání kó o tó lọ bá a. Bí kò bá lè yọ ọ́, bẹ̀ ẹ́ kó má to náìtì rẹ léra wọn fún ọ̀sẹ̀ gbáko.