Àbọ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó ń ṣàdédé kú: ó ti yanjú

Mo dúpẹ́ àdúrótì yín o. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gbé ètò jáde láti inú OBS (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gbé fídíò jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì), tó máa ń ṣàdédé kú bí géèmù àti ètò bá jọ ń lọ, ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá.

Kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ló fà á rárá. OBS máa ń ya férémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan inú fídíò) tó sọnù sójú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò rí ṣe, kò sì sí ìkankan tó sọnù sójú ọ̀nà. Nínú Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kọ̀ǹpútà sí, Kernel-Power 41 ṣáá ni mo ń rí. Ìyẹn kàn ń sọ pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé a pa á. Kò sọ ohun tó fà á. MemTest86, tó ń yẹ RAM (mẹ́mórì kọ̀ǹpútà) wò, ṣiṣẹ́ mọ́jú, RAM kò ní àléébù.

Páwà sọ́púláì, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, ló kù, 550W tó ti gbó. Kí a tó ṣẹ́jú, káàdì àwòrán lè fa iná tó ju èyí tí wọ́n kọ sí i lára lọ. Bí sọ́púláì kò bá lè gbé e, yóò gé iná láti dáàbò bo ara rẹ̀. Mo fi 850W rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, wáyà tó bá tuntun wá nìkan ni kí ẹ lò. Ti àtijọ́ lè wọlé wẹ́kú, kí ìtò iná inú rẹ̀ yàtọ̀, kó sì jó SSD yín (ibi tí fáìlì yín wà).

Mo nu eruku, mo sì gbé iṣẹ́ encoding (fífún fídíò pọ̀ kó tó jáde) kúrò lórí CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bọ́ sórí NVENC, apá tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú káàdì àwòrán Nvidia. Kò tíì kú mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n yẹ sọ́púláì wò, ẹ ṣeun gan-an ni.