Ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe Ẹ̀mí Mímọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n tó mú "ìjẹ́-ẹ̀mí-mímọ́ ènìyàn" wá lánàá láti fi túmọ̀ "sanctity of human life", ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà pé a kò gbọdọ̀ gba ẹ̀mí ènìyàn, ẹ má bínú, mi ò lè gbà á. Láàárọ̀ Sátidé, katikíìsì wa, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, n'Íbàdàn níbí fi ṣọ́ọ̀kì kọ irú rẹ̀ sójú pátákó. Màmá kan tó jókòó níwájú ṣe àmì àgbélébùú, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ènìyàn ti wọ Mẹ́talọ́kan ni?" Katikíìsì ò rí èsì fún wọn. Ó nu ún.

Ṣùgbọ́n "mọ́" yẹn gan-an ló dùn mí jù. Ohun tó mọ́ lónìí lè dọ̀tí lọ́la. Bó bá jẹ́ pé torí ẹ̀mí mọ́ la ò ṣe gbọdọ̀ gbà á, ẹni tó pànìyàn ńkọ́? Lọ́dún 2018, Póòpù Francis yí ìpínrọ̀ 2267 nínú Katikísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Ìjọ, padà: ìdájọ́ ikú kò ṣeé gbà mọ́, nítorí iyì ọ̀daràn náà ò sọnù, bó ti wù kí ohun tó ṣe burú tó. "Mímọ́" ò lè gbé ẹrù yẹn. "Ọ̀wọ̀" ló lè gbé e. Ohun ọ̀wọ̀ ni ẹ̀mí ènìyàn. Ẹ fi àmì sí i dáadáa o, kó má di ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀.

Ìyá àgbà mi ní Bẹẹrẹ, Mùsùlùmí ni wọ́n. Bí a bá ní ó dọ̀la, wọ́n á ní, "Bí Ẹlẹ́mìí ò bá gbà á." Ohun tí Ìjọ ń wí náà nìyẹn: Ọlọ́run nìkan ló ni ẹ̀mí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹni tó ní ká lo "ìyè": ìyè àìnípẹ̀kun la mọ̀. Ta ló ń sọ pé wọ́n gba ìyè ẹnì kan? Gbẹ̀mí là ń wí.

Ẹni tó sì kọ "ọ̀lẹ" fún ọmọ inú, ọlẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀lẹ ni ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́! Àmọ́ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn àgbà máa ń dúró kí ọlẹ̀ sọ, kí ọmọ mira nínú ìyá rẹ̀, kí wọ́n tó fọkàn balẹ̀. Ìjọ ò dúró dìgbà náà. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 1995, ọjọ́ tí áńgẹ́lì kí Màríà, ni Póòpù John Paul Kejì fọwọ́ sí Evangelium Vitae, ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀mí ènìyàn, láti ìgbà tí oyún bá ti dúró ni wọ́n sì ti ka ọmọ náà sí ènìyàn tí a kò gbọdọ̀ pa. Kí la wá ń pè é kí ọlẹ̀ tó sọ? Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ní ọ̀rọ̀ fún un, kó fi ránṣẹ́.