Oògùn ọpọlọ àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀: ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìmọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, àbúrò mi tí a jọ ń gbé ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń lo olanzapine fún àìsàn ọpọlọ láti ọdún 2 sẹ́yìn. Àwọn ohùn tó ń gbọ́ ti dákẹ́, ṣùgbọ́n ìgbànú rẹ̀ kò dé ihò ìkẹyìn mọ́, ìyá wa sì ń yọ̀ pé ara tù ú. Mo mọ̀ pé oògùn náà lè fa ebi, kó sì gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, síbẹ̀ wọn kò yẹ ṣúgà rẹ̀ wò rí níbi tó ti ń gbàtọ́jú. A kò fẹ́ kó dá oògùn náà dúró. Ojú wa rí nǹkan nígbà tó dán an wò. Ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ṣé wọ́n pààrọ̀ oògùn ni, àbí wọ́n fi metformin, oògùn tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, kún un? Àyẹ̀wò wo ni kí a kọ́kọ́ béèrè fún?