Èsì sí àbá "àṣẹ": iṣẹ́ là ń rán ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa o.

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkẹ́nnẹ́ mú wá, pé kí á máa pe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń tẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ tó ń báni kọ ọ̀rọ̀, bíi ChatGPT, Gemini àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ tí Òyìnbó ń pè ní prompt, ní "àṣẹ". Wọ́n ní a ní kó ṣe é, ó sì ṣe é, àṣẹ náà nìyẹn. Àwọn mìíràn fara mọ́ "ìbéèrè". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì. Àwọn oníṣòwò wa ni ọ̀rọ̀ yìí máa bọ́ sí lẹ́nu jù, orúkọ tí a bá sì fún un ni wọ́n máa fi mọ bí wọn yóò ṣe lò ó.

Ọ̀rọ̀ "ìbéèrè" kò ní gbà wá lákòókò. Ìyá tó ń ta gààrí ní Òkè-Ajé tó ní kí ẹ̀rọ bá òun kọ ìpolówó, kò bi í ní nǹkan kan.

"Àṣẹ" ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Nílẹ̀ yìí, ẹni tó ń pàṣẹ kì í ṣàlàyé. Ẹni tó bá gbà pé àṣẹ lòun ń pa, gbólóhùn kan ṣoṣo ni yóò kọ: "Kọ ìpolówó gààrí fún mi." Ohun tó máa rí gbà á bá gààrí ibikíbi mu. Inú òbítíbitì ìwé tí ènìyàn ti kọ ni ẹ̀rọ yìí ti kọ́ ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Kò mọ ìsọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó lè ní gààrí náà pọ́n nítorí epo, bẹ́ẹ̀ gààrí Ìjẹ̀bú funfun ni, ó kúná, ó gbẹ, ó sì kan nítorí pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin ti pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó dín in. Ó tilẹ̀ lè fi iye owó tí kò sẹ́ni tó sọ fún un sí i, kó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ti ọjà bọ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Ti ẹ̀rọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tó bá wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó kà ló fi ń dí ààbọ̀ tó kù.

Nítorí náà ni mo ṣe dábàá "ìránníṣẹ́". Àgbà tó bá rán ọmọ níṣẹ́ á sọ ilé tó ń lọ, ẹni tó máa bá níbẹ̀, ohun tó máa sọ, ohun tí kò gbọdọ̀ sọ, àti ohun tó máa mú bọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìránníṣẹ́ tó péye. Ẹ wo èyí: "Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ta gààrí Ìjẹ̀bú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìjagun àti Àgọ́-Ìwòyè àti àwọn ará Èkó ló ń rà á lọ́wọ́ mi. Ó funfun, ó kan, ó kúná. Bá mi kọ ìpolówó fún WhatsApp ní Yorùbá tó rọrùn, kó má ju gbólóhùn mẹ́rin lọ. Má fi iye owó sí i, èmi ni máa kọ ọ́. Má sọ pé ó ń wo àìsàn kankan." Ta ló máa gbọ́ èyí tó máa pè é ní àṣẹ?

Bákan náà ni ti aláṣọ tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, de ayẹyẹ Ojúde Ọba. Bí kò bá sọ ẹgbẹ́ tó ni iṣẹ́, àwọ̀ tí wọ́n mú lọ́dún yìí, àti pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa wọ̀ ọ́, ibo ni ẹ̀rọ yóò ti rí i?

Nǹkan mìíràn tún wà tí "àṣẹ" bò mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí a bá rán ń jáde nílé. Ohun tí a tẹ̀ sínú ẹ̀rọ wọ̀nyí sábà máa ń lọ sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ni wọ́n ni. Oníṣòwò tó bá ń rántí pé òun ń rán iṣẹ́ jáde kò ní kó nọ́ńbà fóònù àti àkáǹtì àwọn oníbàárà rẹ̀ sí i.

Àbúrò wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó dábàá "ọfọ̀", nítorí ọ̀rọ̀ lásán ló ń mú kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, mo sì rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ọfọ̀ kì í gba àyípadà, bí a ṣe gbà á la gbọ́dọ̀ pè é. Èyí, a lè sọ ọ́ lọ́nà mẹ́wàá. A tilẹ̀ lè tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí ohun tó mú wá yàtọ̀ síra. Ní ti àwọn tó ní kí á kàn yá "prompt" Òyìnbó náà lò, ẹ gbọ́ bí yóò ṣe dún lẹ́nu wa: "púrọ́ńtì". Etí Yorùbá á kọ́kọ́ gbọ́ "purọ́" níbẹ̀, lára ẹ̀rọ tí a ń sọ fún àwọn ènìyàn wa lójoojúmọ́ pé kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Kò bójú mu.

Ẹnìkan ní "ìránníṣẹ́" sún mọ́ "ìránṣẹ́" jù. Òótọ́ ni, àmọ́ "ìránṣẹ́" ni ẹni tí a rán, "ìránníṣẹ́" ni rírán tí a rán an. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, ọmọ Ìjẹ̀bú tiwa láti Òdòpótu, ló ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa èdè, tó jáde ní 1984. Àwọn ọ̀rọ̀ bí "ọ̀rọ̀-ìṣe" àti "ọ̀rọ̀-orúkọ" tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò lónìí, inú ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé ń sọ ni wọ́n ti yọ wọ́n. Ọ̀nà yẹn náà ni mo tọ̀.

Bí ẹ bá gbà á, ohun tí ẹ̀rọ dá padà ti lórúkọ tirẹ̀: "àbọ̀". Ẹni tí a rán a máa jábọ̀. Bí àbọ̀ kò bá sì tẹ́ wa lọ́rùn, a ó tún un rán, a ó sọ ohun tó kù níbẹ̀.

Èyí tí n kò tíì rí ọ̀rọ̀ fún ni ìtọ́ni tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ti fi sí i nínú kí àwa oníbàárà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èyí tí a kì í rí. "Ìránníṣẹ́" kò bá a mu. Ẹ̀yin ará Ṣágámù àti Ìlíṣàn tí ẹ ò tíì dá sí ọ̀rọ̀ yìí, kí lẹ máa pè é?