Ẹ̀yin máníjà sinimá, ṣé AI, ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n, ti dé ọ̀dọ̀ yín? Ẹ sọ ohun tójú yín rí

Máníjà Òde: Èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ra ẹ̀rọ kan tó ń pín àkókò fíìmù, tó sì ń sọ iye òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wá. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì ọdún 2024, ó rí i pé èrò ya bo wá ní 18 oṣù kẹfà. Ọjọ́ Ojúde Ọba ni o, ọdún wa tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá! Ló bá kó gbogbo òṣìṣẹ́ sí 18 oṣù kẹfà 2025. Ọjọ́ 8 ni Ojúde Ọba bọ́ sí lọ́dún náà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló wà nídìí gúgúrú, ẹgbẹ́jẹgbẹ́ to dé ẹnu géètì. Èmi fúnra mi ń dín gúgúrú, tèmi ti abetí ajá. Nígbà tí ọjọ́ 18 pé, òṣìṣẹ́ méje jókòó, wọ́n ń lé eṣinṣin.

Ìyá Ìbejì: Abetí ajá nídìí iná 😂😂

Ọmọ Mákùn: Ẹ má bínú o, ẹ̀bi ẹ̀rọ kọ́. Ta ni kò sọ fún un pé òṣùpá là ń wò ká tó ṣe Iléyá?

Máníjà Òde: Mo sọ fún ọ̀gá. Wọ́n ní ẹ̀rọ mọ̀ jù mí lọ.

Ayọ̀ Ṣàgámù: Owó Ìjẹ̀bú ló rà á, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ni!

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi Ìjẹ̀bú sílẹ̀ o.

Tèmitọ́pẹ́: Èmi ni wọ́n fi ẹ̀rọ rọ́pò. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ta tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá kan bi í bóyá wọ́n ń dín owó fún àgbà, ó ní òun ò gbọ́. Bàbá tún fi èdè Rẹ́mọ sọ ọ́. Ó tún ní òun ò gbọ́. Bàbá bínú lọ sílé. POS ni mo ń ṣe báyìí.

Bàbá Àgbà: Lẹ́yìn tí Ògúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú tiwa, ṣe fíìmù Aiyé ní 1979, inú gbọ̀ngàn la ti ń wo sinimá. Ẹni tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà náà ló ń lé àwọn ọmọ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ṣé ẹ̀rọ yín lè lé ọmọ? Èmi náà gba ojú fèrèsé rí, n ò ní purọ́.

Ayọ̀ Ṣàgámù: Bàbá, ẹ jẹ gbèsè tíkẹ́ẹ̀tì o!

Ọmọ Mákùn: Inú háàdì, àpótí kékeré tí wọ́n ń kó fíìmù sí, ni fíìmù ń wá lóde òní, àwọn tó ń pín in á sì fi kọ́kọ́rọ́ orí kọ̀ǹpútà tì í. Lálẹ́ ọjọ́ kan, èrò ti jókòó, kọ́kọ́rọ́ ò dé. Mo pe ẹni tó yẹ kó fi í ránṣẹ́ títí, mo kí i, mo kí ìyá rẹ̀, kó tó dáhùn. Ẹ̀rọ wo ló lè bẹ èèyàn báyẹn? Àmọ́ àkọsílẹ̀ òpin oṣù, AI ló ń bá mi kọ ọ́. N ò ní pa á tì.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta ìkọ́kọrẹ́. Gúgúrú ti sú wa.

Ọmọ Mákùn: Ẹni bá gbé ìkọ́kọrẹ́ wọlé, á san owó ìfọ̀ àga.

Ayọ̀ Ṣàgámù: Gaàrí Ìjẹ̀bú àti ẹ̀pà ńkọ́?

Máníjà Òde: Ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ sí mi o. Ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ múra de 8 oṣù kẹfà 2026.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi fìlà sílé lọ́tẹ̀ yìí.