Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ìwé kíkọ ti ń sú mi
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé, nítòsí ọjà Akẹ̀sán. Láti 2021 ni mo ti ń kọ̀wé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nípa àwọn tó ń fín igbá níbí: ọ̀bẹ tí wọ́n ń lò, orúkọ tí wọ́n ń pe ọnà kọ̀ọ̀kan. Ní báyìí, mo lè jókòó láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, n kò ní kọ ju ìlà méjì lọ. Ọ̀rọ̀ kò tán o. Àwọn bàbá tó mọ iṣẹ́ náà ló ń dín kù, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ìwé kíkọ, kí lẹ máa ń ṣe tó bá sú yín? Ṣé kí n sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, àbí kí n sinmi ná?