Ọdún kan ló kù kí n fẹ̀yìntì: kí ni kí n ṣe sí ìwé ọdún 32, báwo ni mo ṣe máa fa kíláàsì léni tó ń bọ̀ lọ́wọ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ku ọdún kan géérégé kí n fẹ̀yìntì. Kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta ló kún fún ìwé: nóòtì ẹ̀kọ́, rẹ́jísítà àtijọ́, ìwé ìdánwò, káàdì tí mo fọwọ́ gé, lẹ́tà òbí. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tèmi pàápàá wà níbì kan láàárín wọn. Olùkọ́ tó máa gba kíláàsì mi á dé ní táàmù tó kẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré la sì máa jọ lò.

Kí ni kí n kó lọ, kí ni kí n fi sílẹ̀, kí ni kí n sọnù? Báwo la ṣe máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn tí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ò fi ní dàrú? Ìkẹta, nílé wa, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè la máa ń kàwé sókè, ẹnì kan á kà, àwọn yòókù á máa gbọ́. Àwọn ọmọ mi ń sọ pé tí mo bá ti fẹ̀yìntì, kí n máa gba àwọn ọmọọmọ lójoojúmọ́ kí n máa kọ́ wọn níwèé. Mi ò fẹ́ kọ̀ fún wọn, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ilé di ilé-ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Alákòóso Fáìlì

Ẹ kú ìmúra, mà. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nóòtì kankan, ẹ wá lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yẹn jáde. Ẹ kó o pọ̀ mọ́ lẹ́tà tí wọ́n fi fìdí yín múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo lẹ́tà ìgbéga, ìwé ẹ̀rí, ìwé ọjọ́ ìbí, àti ìwé owó oṣù tí ẹ bá ṣì ní. Ẹ tẹ́ gbogbo wọn sórí tábìlì, kí ẹ wá fi ìka tọ ohun mẹ́ta láti orí ìwé kan dé èkejì: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tí ẹ wọṣẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ìfẹ̀yìntì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Orúkọ bàbá ló ṣáájú níbí, òun ló gbẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Orúkọ ọkọ ti wọlé lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí ṣì ń jẹ́ ti bàbá. Ẹni tó máa ṣírò owó ìfẹ̀yìntì kò mọ̀ yín rí, ohun tí ìwé bá sọ ló máa gbà. Àtúnṣe irú èyí lè gba oṣù mélòó kan, torí náà ọdún kan tẹ́ ẹ ní yìí kò pọ̀ jù rárá.

Ìwé yòówù tí ẹ bá fẹ́ fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì, ẹ mú ẹ̀dà kejì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí i lójú yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ohun tó bá ní orúkọ ọmọ lára, ìbáà ṣe máàkì, rẹ́jísítà, ọ̀rọ̀ ìlera tàbí lẹ́tà òbí, kì í ṣe tiyín, ti ilé-ìwé ni. Ẹ má kó o lọ sílé, ẹ má sì dáná sun ún fúnra yín. Ẹ tò ó ní ọdọọdún sínú páálí, ẹ kọ ọdún àti kíláàsì sí ara páálí níta, ẹ fà á lé ọ́fíìsì lọ́wọ́, kí ẹni tó gbà á sì buwọ́ lu ìwé. Àwọn ló mọ iye ọdún tí òfin ní kí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Tó bá jẹ́ íméèlì ilé-ìwé lẹ fi ṣí àkáǹtì báńkì, fóònù tàbí ohunkóhun mìíràn tó jẹ́ tiyín, ẹ yí i sí íméèlì ara yín báyìí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti íméèlì yẹn pa, kóòdù tí báńkì ń fi ránṣẹ́ kò ní dé ọ̀dọ̀ yín mọ́. Fáìlì tẹ́ ẹ tọ́jú sínú àkáǹtì yẹn lè bá a lọ pẹ̀lú.

Olùkọ́ Àgbà

Èrò tèmi ni pé kí ẹ da gbogbo nóòtì ẹ̀kọ́ nù. Ìwé tí wọ́n ń lò ti yí padà, olùkọ́ tuntun á sì kọ tiẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta tí wọ́n fà lé èèyàn lọ́wọ́, ẹrù ni, kì í ṣe ogún.

Olùkọ́ Ìṣirò

Mo gbà pẹ̀lú Olùkọ́ Àgbà pé ẹrù ni. Àmọ́ ohun kan wà nínú nóòtì yẹn tí kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́ kankan, òun ni ibi tí ọmọ ti ń kọsẹ̀. Ìyẹn ló yẹ kí ẹ yọ jáde, mà, kí ẹ kọ ọ́ sí ìwé pẹlẹbẹ kan. Ojú ìwé kan fún orí ẹ̀kọ́ kan, ojú ìwé 12 ti tó. Lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìṣirò náà, ìdáhùn tí àwọn ọmọ máa ń ṣì kọ, ohun tó wà lọ́kàn wọn tí wọ́n fi kọ ọ́, àti ohun tó máa ń là á yé wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú 503 − 267. Ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ 364. Olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á rò pé ọmọ náà kò mọ yíyọ rárá, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ ọ́n. Ó yọ 2 kúrò nínú 5, ó ku 3. Ó rí 0 lókè, 6 nísàlẹ̀, ó yí wọn padà, ó kọ 6. Ó rí 3 lókè, 7 nísàlẹ̀, ó tún yí wọn padà, ó kọ 4. Ohun tó ti gbà lọ́kàn ni pé èyí tó kéré la máa ń yọ kúrò nínú èyí tó tóbi, ibi yòówù kó wà. Tẹ́ ẹ bá ní kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá, 364 náà ló máa kọ.

Igi kéékèèké ló ń là á yé wọn. Ẹ ka igi 100, ẹ dì í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ wá fi rọ́bà ńlá so ìdì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀. Ìdì ọgọ́rùn-ún kan ṣoṣo yìí ló tó kí ẹ dì ní ti gidi, káàdì tẹ́ ẹ kọ 100 sí lè dúró fún mẹ́rin yòókù. Ẹ gbé márààrún kalẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ igi 3. Ọmọ fẹ́ yọ 7, ẹyọ kò tó. Ó wo ibi ìdì mẹ́wàá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó di dandan kó tú ìdì ọgọ́rùn-ún, ìdì mẹ́wàá 10 á jáde, á tú ọ̀kan nínú wọn, ẹyọ á di 13. Ó wá ku ọgọ́rùn-ún 4, ìdì mẹ́wàá 9, ẹyọ 13. Yíyọ kò le mọ́: 236. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ tú u níwájú kíláàsì, yóò wulẹ̀ wòran ni.

Àwọn mìíràn tí kò gbọ́dọ̀ sá lọ: 8 + 4 = ? + 5 tí wọ́n ń kọ 12 sí, torí wọ́n rò pé àmì ìdọ́gba túmọ̀ sí "kọ ìdáhùn síbí". 0.35 tí wọ́n ní ó ju 0.4 lọ, torí 35 ju 4 lọ. 1/2 + 1/3 tí wọ́n ń pè ní 2/5. Fún èyí tó kẹ́yìn, ẹ bi ọmọ pé 2/5 àti ìlàjì, èwo ló pọ̀ jù? Á rí i fúnra rẹ̀ pé òun fi nǹkan kún ìlàjì, ó sì tún wá kéré sí ìlàjì.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iyè nìkan láti kọ ọ́ o. Bí orí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń kọjá lọ́dún yìí, lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ máàkì rẹ̀, ẹ kọ ìdáhùn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù àti iye ọmọ tó kọ ọ́. Tó bá fi máa di òpin ọdún, ìwé náà ti kọ ara rẹ̀ tán.

Olùtọ́jú Ìwé

Fún nóòtì tẹ́ ẹ bá yàn láti pamọ́, fóònù tó. Ẹ lo áàpù tí ń ṣe ìwé sí PDF, kì í ṣe kámẹ́rà lásán, torí òun ló ń tọ́ igun ìwé kó gún. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, kí ìmọ́lẹ̀ máa wá láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ pa iná fóònù, ó máa ń mú kí báírò dán tí kò fi ní ṣeé kà. Ojú ìwé 40 lóòjọ́ kò ní rẹ̀ yín, 1,200 nìyẹn ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ fún fáìlì lórúkọ tí ẹlòmíràn á lóye: kíláàsì, táàmù, ọ̀sẹ̀, orí ẹ̀kọ́. Fáìlì tó ń jẹ́ "Scan 0047" ti sọnù ná, bó tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ní: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí háàdì dísìkì, ìkẹta níbòmíràn tó jìnnà sí ilé. Fíláàṣì nìkan kò tó, ó lè kú lójijì.

Fún ìwé ojúlówó, ẹ yọ gbogbo pín-ìn-nì kúrò, torí ìpẹtà rẹ̀ á jẹ ìwé lu. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya, ó máa ń pọ́n, á sì fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ẹ yẹra fún náílọ́ọ̀nù tó ń rùn bíi rọ́bà tuntun, ó máa ń fa íǹkì mọ́ra. Rìsíìtì dídán tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ yára ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀, nítorí ó máa ń ṣá títí tí kò fi ní ku nǹkan kan lójú rẹ̀.

Oníbèéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ti igi 100 yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí pé ojú mi ni àwọn ọmọ á máa wò nígbà tí olùkọ́ tuntun bá ń sọ̀rọ̀.

Atọ́nà Olùkọ́ Tuntun

Wọ́n á wò yín lóòótọ́, mà, ìdí nìyẹn tí ibi tẹ́ ẹ bá jókòó sí fi ṣe pàtàkì. Ẹ̀yìn pátápátá ni, lẹ́yìn orí gbogbo ọmọ, kó lè jẹ́ pé wọ́n ní láti yí ọrùn kí wọ́n tó rí yín.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, olùkọ́ tuntun ló ń wò. Ẹ má ní kó wo ohun gbogbo. Ẹ fún un ní ọmọ mẹ́ta tó máa tẹjú mọ́: ọ̀kan tó yá, ọ̀kan tó ń tiraka, ọ̀kan tó máa ń dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, ẹ pín iṣẹ́. Òun ni kó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀kọ́ àti ìgbà tí àwọn ọmọ ń dá ṣe é, ẹ̀yin ẹ gba àlàyé. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, òun ló ni gbogbo rẹ̀.

Ohun tó máa ń ba èyí jẹ́ ni kí olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹnì kejì lẹ́nu nítorí àṣìṣe kékeré lórí pátákó. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ ti mọ ẹni tó ni kíláàsì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ẹ wá sọ ohun kan ṣoṣo tó máa yí padà lọ́la. Ohun márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà kò ní wọlé.

Olùkọ́ Ìkàwé

Ní ti àwọn ọmọọmọ, mà, Sọ́ńdè yín yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú. Ẹ má jẹ́ kó di ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́. Ẹ sọ ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ yín, ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó fẹ̀yìntì, torí ohun tí wọ́n bá bá lọ́wọ́ yín lóṣù àkọ́kọ́ ni wọ́n máa kà sí àdéhùn. Iṣẹ́ àṣetiléwá kì í ṣe tiyín, àwọn òbí ló ni ín.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ di ìwé náà mú. Láti yan ìwé, kó ka ojú ewé kan, kó na ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò mọ̀. Tí ìka márààrún bá nà kí ojú ewé tó tán, ìwé náà le jù fún un láti dá kà, ẹ̀yin ẹ kà á fún un. Tó bá kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀, ẹ dákẹ́, ẹ ka márùn-ún nínú ọkàn kẹ́ ẹ tó ràn án lọ́wọ́. Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, ti rí i láti bí ọdún 1970 pé bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré làwọn olùkọ́ ń dúró lẹ́yìn ìbéèrè, àti pé tí wọ́n bá dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ ń gùn sí i, ó sì ń dára sí i. Ọwọ́ tó ti ń máàkì láti ọjọ́ pípẹ́ kì í fẹ́ dúró. Ẹ má mú báírò pupa wọ yàrá yẹn rárá.

Oníbèéèrè

Ọlọ́run á sanwó yín. Mo ti rí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ náà. Ọjọ́ ìbí bára mu, àmọ́ lẹ́tà kan fò nínú orúkọ mi lórí ìwé ìgbéga kejì. Ṣé kí n fi báírò fi í sí i?

Alákòóso Fáìlì

Rárá o, mà! Ìwé tí wọ́n bá rí báírò lára rẹ̀ ti di ìwé àfurasí, gbogbo èyí tó kù ni wọ́n sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wò. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó fún yín ní ìwé ìgbéga náà, kó gba ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé yín kọjá. Ẹ kọ nọ́ńbà àti déètì ìwé náà, ẹ kọ orúkọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá kọ ọ́ bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ so ẹ̀dà ìwé ọjọ́ ìbí àti lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mọ́ ọn, ojúlówó kò gbọ́dọ̀ kúrò nílé. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní lẹ́tà àtúnṣe tó dá dúró, kí ẹ fi í sẹ́yìn ìwé ìgbéga yẹn nínú fáìlì. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ mú ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí dání, ẹ lọ bá wọn níbẹ̀.